Ìwé Ọkọ̀ Ojú Omi Nílé Tí A Kì Í Jẹ Ẹja

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí bàbá mi rẹ́rìn-ín, ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi. N kò fi kún un. A wà ní àgbàlá ilé tí a ń gbé ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́, tí iyán alẹ́ ti ń dún káàkiri àdúgbò, gbì, gbì, gbì. Bó ṣe ń dún nílé wa náà ló ń dún nílé kejì, débi pé bí odó ilé kan bá pẹ́ kó tó dún, àwọn ará àdúgbò á ti máa bi ara wọn pé ta ni ara rẹ̀ ò yá níbẹ̀. Ṣẹ́gun ẹ̀gbọ́n mi ń pọnmi, èmi ń já ẹ̀fọ́ lórí àpótí, Màámi ń gúnyán, Bàbá sì wà nínú yàrá rẹ̀, níbi tó máa ń wọ̀ sí tó bá ti dé láti ilé ìwé. Ohùn kan ṣàdédé ti inú yàrá yẹn jáde, irú èyí tí n kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ó kọ́kọ́ dà bíi pé èèyàn ń wúkọ́. Ó wá ń ga sí i, ó já, ó tún bẹ̀rẹ̀. Màámi dúró gbagidi. Ọmọ odó yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí gbirigbiri lọ sídìí àmù. Ó wò mí, èmi náà wò ó. Ó ní kí n sáré lọ wo bàbá mi, ṣùgbọ́n ọmọ odó ni mo kọ́kọ́ lọ gbé.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́ kí ẹ tó lè mọ ìdí tí ẹ̀rù fi bà wá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́ àwọn ọmọ girama, gbogbo èèyàn ló sì ń pè é ní Tíṣà, títí kan ìyá tó bí i. Kò le, kì í na ọmọ, kì í sì í pariwo mọ́ ìyàwó. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó bá pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín, imú ni yóò kàn fà sí i, yóò sì máa bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Ohun kejì tó mú ilé wa yàtọ̀ ni pé ẹja kì í wọ ibẹ̀, ì báà jẹ́ tútù, ì báà jẹ́ gbígbẹ, ì báà jẹ́ ti inú agolo. Edé pàápàá kò gbọ́dọ̀ kan ọbẹ̀ wa. Èmi àti Ṣẹ́gun gbà pé èèwọ̀ ìdílé ni, mo sì máa ń fi yangàn nílé ìwé, torí ọmọ tó bá ní èèwọ̀ máa ń dà bí ọmọ ẹni ńlá. A kò sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ odò Àlà. Bí ọmọ kan bá dárúkọ omi lúwẹ̀ẹ́, ojú tí Màámi máa fi wò ó, yóò mọ̀ pé kó panu mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, a mọ̀ pé Bàbá ní ẹ̀gbọ́n kan, Bùọ̀dá Yẹmí, pé ó rìnrìn àjò kí wọ́n tó bí wa. Ibi tó lọ ni a kò mọ̀, ọmọdé kì í sì í béèrè ibi tí àgbà lọ.

Nígbà tí mo wọ yàrá, mo bá Bàbá lórí ibùsùn, ìwé wà lórí àyà rẹ̀, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ wọ etí. Ìyá Ràṣídà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ lọ́jà Àkúrẹ́ tó sì ń gbé apá kejì àgbàlá wa, ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú kẹ́tùlù àlùwàlá lọ́wọ́, ó ń béèrè bóyá ká wá mọ́tò tí a ó fi gbé Tíṣà lọ sọ́sípítù. Bàbá jókòó, ojú tì í, ó ní ìwé lòún ń kà. Ìwé òyìnbó àtijọ́ kan ni, lórí àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún àwọn, tí wọ́n gbé ọkọ̀ ojú omi àti ajá kan, tí wọ́n lọ gbafẹ́ lójú odò, tí gbogbo nǹkan sì dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìyá Ràṣídà béèrè ohun tí wọ́n lọ tà. Bàbá ní wọn ò ta nǹkan kan. Ó béèrè bóyá ẹja ni wọ́n lọ pa, tàbí èèyàn wọn kan ló kú lódì kejì odò. Bàbá ní rárá, wọ́n kàn lọ ni. Obìnrin náà gbé kẹ́tùlù sílẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní òun ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí, pé àgbàlagbà mẹ́ta tí ebi ò lé, tí ọlọ́pàá ò lé, fẹsẹ̀ ara wọn wọ inú omi, ó sì ní Tíṣà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fáwọn látìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi Màámi. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹjú mọ́ èèpo ìwé náà bí ẹni tó rí ejò lórí àjà, ó sì padà sídìí odó.

Bó ṣe di pé lẹ́yìn oúnjẹ, Bàbá á gbé àga síta, á gbé ìwé náà lé orúnkún, á máa fi Yorùbá sọ ọ́ fún wa nìyẹn. Orúkọ òyìnbó ò rọrùn fún Ìyá Ràṣídà, nítorí náà Bàbá fi ìwà pe àwọn ọkùnrin náà. Ọ̀gá ni ẹni tó ń pàṣẹ tí kì í gbé ẹrù. Olóorun lèkejì, ẹni tó jẹ́ pé tí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹ̀yìn ìgbà tó bá jí ló máa mọ̀. Asúfèé lẹ̀kẹta, ẹni tó máa ń súfèé kó tó jẹun, tó máa ń da iyọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ lá kó tó tọ́ ọbẹ̀ wò, tí ọ̀pọ̀lọ́ sì máa ń lé gun igi. Bàbá pa oúnjẹ wọn dà pẹ̀lú. Ó ní iṣu ni wọ́n kó dání, ọjọ́ tí iyán sì wù wọ́n láàárín omi, wọ́n rántí pé àwọn ò gbé odó, wọ́n fi igbá tí wọ́n fi ń gbọ́n omi ọkọ̀ ṣe odó, wọ́n fi àjẹ̀ ṣe ọmọ odó, igbá là, iyán bọ́ sómi, ajá bẹ́ tẹ̀ lé e. Ìyá Ràṣídà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Bàbá náà ń rẹ́rìn-ín. Lálaalẹ́ ni mò ń wo ẹnu rẹ̀ nígbà tó bá ṣí, tí mo ń rí eyín tí n kò mọ̀ pé ó ní, ẹnu sì ń yà mí lọ́tun.

Ẹnu ẹ̀rín yẹn la wà tí Ìyá Oǹdó fi dé. Ìyá bàbá mi ni, ìlú Oǹdó ló ń gbé, ó sì ṣòro kó tó kúrò nílé. Ó ní ojú ló ń dun òun, pé òun wá gba oògùn rẹ̀ l'Ákùúrẹ́. Ó gbé ẹran ìgbẹ́ tó yan wá, ó ti ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Oǹdó rẹ̀ béèrè gbogbo ará ulé, ulé, ulé, tí èmi àti Ṣẹ́gun máa ń sín in jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Alẹ́ yẹn, Bàbá ò gbé ìwé jáde. Ó jẹun tán, ó ń wo ilẹ̀. Ìyá Ràṣídà tí kò mọ nǹkan kan ló gbé àpótí rẹ̀ dé, tó ní Tíṣà, ibo la bá àwọn ọlọ́kọ̀ yẹn dé lánàá? Ìyá Oǹdó yíjú, ó ní ọlọ́kọ̀ wo. Ni Màámi bá fa apá mi, ó ní kí n wá bá òun kó àwo wọ inú kíṣìnnì.

Nínú kíṣìnnì, ó ń to àwo lé ara wọn, ó tún ń tú wọn ká. Mo bi í pé kí ló dé. N kò rò pé ó fẹ́ sọ ọ́ fún mi, ọ̀rọ̀ náà ti kún ẹnu rẹ̀ ni. Ó ní, "Ìwé yẹn gan-an ni Yẹmí kà." Ó sọ fún mi pé nígbà tí Bùọ̀dá Yẹmí wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Oǹdó, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ka ìwé náà títí ó fi wọ̀ wọ́n lórí. Bàbá mi tó jẹ́ àbúrò máa ń jókòó tì wọ́n, gbogbo wọn á jọ máa rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀rẹ́ náà ní àwọn á lọ gbafẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà ọlidé. Wọ́n lọ sí ọ̀nà Òkìtìpupa, wọ́n yá ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn Ìlàjẹ, bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò lè wa ọkọ̀, wọn ò sì lè lúwẹ̀ẹ́. Ibà ló dá bàbá mi dúró, òun náà ì bá bá wọn lọ. Wọ́n rí ọkọ̀. Wọn ò rí èèyàn kankan. Nítorí wọn ò rí òkú, Ìyá Oǹdó ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sin nǹkan kan, kò sì jẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ìsìn ìrántí. Màámi ní àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ, àmọ́ obìnrin yìí ò gbà pé ọmọ òun kú. Ohun kan ṣoṣo tó ṣe ni pé kò jẹ ẹja mọ́, kò sì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ tó kù jẹ ẹ́. Ó ní kí àwọn má lọ jẹ èyí tó jẹ Yẹmí.

Títí dòní, mi ò gbàgbé bí inú mi ṣe dà rú. Èèwọ̀ tí mo fi ń yangàn. Mo rántí gbogbo ojú tí mo ti fi wo àwọn ọmọ tó ń jẹ ẹja, bíi pé wọn ò mọ̀ǹkan, ojú sì tì mí. Mo tún ń ronú nípa bàbá mi: ìwé tó gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sómi ló gbé lé orúnkún yẹn, tó ń fi pa wá lẹ́rìn-ín! Nígbà tí a ó fi padà síta, Ìyá Oǹdó ti ní kí Tíṣà sọ ìtàn náà kí òun gbọ́, kò sì sí bí ọmọ ṣe lè kọ̀ sí ìyá lẹ́nu lójú àlejò. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ò ròkè. Ó dé ibi tí òjò ká wọn mọ́ ojú odò, tí Asúfèé da iyọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Mo rí i tí Ìyá Oǹdó dá ẹnu dúró lórí orógbó tó ń jẹ. Kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi ọmọ rẹ̀ nígbà tó parí, bóyá aṣọ wà lára wọn nígbà tí òjò ń rọ̀ yẹn. Bàbá ní aṣọ wà lára wọn.

Láti ọjọ́ yẹn, òun ló máa ń kọ́kọ́ jókòó. Ó ń béèrè bóyá wọ́n ti jẹun, bóyá òjò yẹn mú kí Asúfèé máa wúkọ́, bóyá omi jìn níbi tí wọ́n wà. Ìyá Ràṣídà ò rẹ́rìn-ín mọ́, ó kàn ń wo ẹnu ìyá náà, ó ń wo ẹnu ọmọ. Lọ́jọ́ kan Ìyá Oǹdó ní kí Màámi bu iyán sílẹ̀ fún àwọn tó wà lójú omi. Màámi bù ú, torí kò mọ bí a ṣe ń kọ̀ ọ́. Bó ṣe di ojoojúmọ́ nìyẹn. Tílẹ̀ bá mọ́, Ìyá Oǹdó fúnra rẹ̀ á gbé iyán náà fún Bàbá, á ní kó jẹ ẹ́ kó má bàa ṣòfò. Màámi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó wọlé tọ Bàbá lọ, èmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ṣẹ́gun, ẹ̀ ń tan ìyá yín jẹ. Wọ́n rò pé Yẹmí lẹ̀ ń sọ." Bàbá dá a lóhùn. Ó ní, "Yẹmí náà ni mò ń sọ." Ó ní òun ò mọ ìgbà tó wọ inú ọ̀rọ̀ náà, pé ẹnu òun ló ń gbé e wá, àti pé ẹ̀rù ìparí ìtàn ló ń ba òun báyìí. Tí òun bá mú wọn gúnlẹ̀, ìyá òun á béèrè ibi tí wọ́n wà. Tí òun ò bá mú wọn gúnlẹ̀, etí odò ni ìyá òun máa jókòó sí títí ikú.

Nítorí náà kò mú wọn gúnlẹ̀. Ìwé tán, ìtàn ò tán. Mo rí i pé ojú ewé ìparí ni ìka rẹ̀ wà lálaalẹ́, síbẹ̀ ọkọ̀ ń lọ ni. Ó hùmọ̀ ìjì, ó hùmọ̀ koríko omi tó dí ọ̀nà, ó hùmọ̀ bàálẹ̀ etídò kan tí kò jẹ́ kí wọ́n kọjá. Kò pani lẹ́rìn-ín mọ́, òun náà ò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹnu rẹ̀ tún ti ń padà sí bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọmọ mi tó ń ka yunifásítì ní Ìlárá-Mọ̀kín bá mi wá ìwé náà sórí fóònù láìpẹ́ yìí, mo sì kà á fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Mo wá Asúfèé títí. Mo tún un kà láti òkè. Kò sí ẹni tó ń súfèé níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń lá iyọ̀, ọ̀pọ̀lọ́ ò sì lé ẹnikẹ́ni. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó bí ẹni tí wọ́n lù.

Nígbà tí Ìyá Oǹdó ń padà sílé, gbogbo wa la sìn ín dé ibùdókọ̀. Ó ti wọ bọ́ọ̀sì tán kó tó na ọwọ́ jáde, tó di Bàbá mú. Ó ní, "Tíṣà, ó ti pẹ́ jù lójú omi. Wá sí ulé, wá parí ọ̀rọ̀ náà lójú mi." Ojú Bàbá dà bí ti ọmọ tí wọ́n ní kó wá gba ẹgba. Ọlidé ilé ìwé dé, kò rí àwáwí mọ́, a kó lọ sí Oǹdó. Ilé náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tó kọjú sí ibi tí wọ́n ń sá kòkó sí, òórùn kíkan rẹ̀ sì máa ń wọ aṣọ ẹni. Òjò ọ̀sán ń rọ̀. Ìyá Oǹdó jókòó sórí ẹní, ó na ẹsẹ̀, ó ní ó yá. Bàbá ò ṣí ìwé. Ó ní òjò ti pa àwọn ọkùnrin náà títí, ó ti sú wọn, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ pé ká máa lọ sílé. Ó ní Asúfèé ló sọ ọ́. Wọ́n tu ọkọ̀ sí èbúté, wọ́n so ó mọ́lẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rìn wọ ìlú, wọ́n rí ilé oúnjẹ kan, wọ́n sì jókòó ti oúnjẹ gbígbóná. Ó parí rẹ̀ síbẹ̀.

Ìyá Oǹdó ní, "Wọ́n gúnlẹ̀?"

Bàbá ní, "Wọ́n gúnlẹ̀, Màmá."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

"Ajá ńkọ́?"

"Ajá náà gúnlẹ̀."

Ó mi orí. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ó ká ẹní rẹ̀, ó wọlé, kò jáde mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Màámi ń sunkún nínú yàrá. Ó ní Tíṣà ti pa ìyá rẹ̀, pé lọ́la ni obìnrin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ̀nà.

Òórùn kan ló jí mi láàárọ̀. Mo mọ̀ ọ́n láti ilé àwọn ẹlòmíì, n kò mọ̀ ọ́n láti ilé wa. Mo jáde. Ìyá Oǹdó wà nídìí iná, ìkòkò ọbẹ̀ ń hó, orí ẹja àrọ̀ yọ gàgàrà jáde nínú rẹ̀ pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ti lọ sọ́jà, ó ti dé, ó ti gúnyán pẹ̀lú. Màámi jáde, ó fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí Bàbá dé, ìyá rẹ̀ gbé iyán sí iwájú rẹ̀, ó bu orí ẹja náà lé ọbẹ̀. Bàbá wo àwo, kò fọwọ́ kàn án. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì. Ó ní kí ìyá òun dárí ji òun, pé ìwé ni, ìtàn lásán ni, pé kò sẹ́ni tó gúnlẹ̀ níbì kankan.

Ìyá Oǹdó ní kó dìde. Ó ní, "Ṣé o rò pé n kò mọ̀ pé ìwé ni? Orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi yìí lẹ ti ń kà á tí ẹ ń fariwo dí mi létí. Yẹmí fi Yorùbá sọ ọ́ fún mi tán kó tó lọ, mo mọ ibi tó parí sí ṣáájú rẹ. Kò sì sí Asúfèé kankan nínú ti Yẹmí; Yẹmí fúnra rẹ̀ ló ń súfèé, tó ń lá iyọ̀ nínú ilé yìí." Ó gbé ọwọ́ lé èjìká Bàbá. Ó ní ojú kọ́ ló gbé òun wá sí Àkúrẹ́. Ẹnì kan ló wá sọ fún òun pé Tíṣà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó pè é lórúkọ, èyí tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Akínwálé, ọmọ méjì lomi gbà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀kan ti gúnlẹ̀ lánàá. Jẹ ẹja rẹ."

Bàbá béèrè bóyá òun náà máa jẹ. Ó ní rárá, ọ̀kan ṣì kù. Kò sì jẹ ẹ́ títí tó fi kú.

Bàbá mi bu òkèlè, ó fi kan orí ẹja náà, ó gbé e mì, omijé ń ṣàn sínú ọbẹ̀. Wọ́n bu fún èmi àti Ṣẹ́gun. Mo ki ìrù ẹja bọ ẹnu lódindi, mo jẹ ẹ́ bí ẹní ń jẹ ẹran, egungun há mi lọ́fun, torí kò sẹ́ni tó kọ́ wa rí bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹja nílé wa. Ìyá Oǹdó ń gbá mi lẹ́yìn, Màámi ń ki iyán bọ̀ mí lẹ́nu, èmi ń yọ ojú bí ọ̀pọ̀lọ́, Bàbá mi wò mí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.